Kí Lẹ Fẹ́ Fi EMBA Ṣe Gan-an?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà tàbí ti lítíréṣọ̀ tí a sábà máa ń sọ níbí. Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa ni, àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún, tí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ti sú wọn, tí wọ́n wá fẹ́ padà sílé-ìwé lọ gba oyè ìmọ̀ òwò kí wọ́n lè gba ọ̀nà mìíràn. Ẹnìkan lè ní, kí ló kan ọmọ ogún ọdún nínú ìyẹn? Ó kàn wá gan-an. Owó tí wọ́n fẹ́ fi kàwé àti owó ilé-ìwé tiwa, àpò kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ ọdún Lísàbí, mo wá sílé ní Abẹ́òkúta. Màmá wa àgbà pe ìpàdé ẹbí sí ilé wọn ní Ìjàyè. Àbúrò màmá mi ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ báńkì fún ọdún 17, wọ́n sì jẹ́ ẹni ọdún 44. Wọ́n ní báńkì ti sú àwọn, àwọn fẹ́ lọ máa ṣòwò àdìrẹ, kí àwọn máa kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn fẹ́ kọ́kọ́ lọ gba Executive MBA, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní EMBA. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n ní sí Ọbáńtokó.

Gbogbo ilé ni ó dára. Ẹnìkan ní ìwé kíkà kò lópin. Òmíràn ti ń fi orúkọ oyè náà pè wọ́n. Ni mo bá la ẹnu mi, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o. Kí ni EMBA yìí máa bá yín ṣe nínú òwò àdìrẹ?" Ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ àǹtí mi kan fèsì, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ka Yorùbá ńkọ́, kí lo fẹ́ fi tìẹ ṣe?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí kí ni mo tún lè ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi lọ sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Gbogbo àwa tí a ń ka èdè Yorùbá la mọ ìbéèrè yẹn. Wọ́n bi wá nígbà tí a fẹ́ kọ JAMB. Wọ́n bi wá nígbà tí a wọlé. Wọ́n ń bi wá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, nínú ọkọ̀, níbi ìsọmọlórúkọ. Ó máa ń dùn wá, ṣùgbọ́n ó ti ṣe wá lóore. Ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè yẹn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ronú ohun tó ń kà àti ìdí tó fi ń kà á. Ohun tí mo rí ní ìpàdé yẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń bi EMBA ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti tóbi jù. Èrò tèmi ni pé oyè tó gbówó lórí jù ló yẹ kí a bi ní ìbéèrè yìí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. MBA ni oyè másítà nínú ìmọ̀ ìdarí òwò. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní 1908. Ní 1943, Yunifásítì Chicago dá ẹ̀yà mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn kò lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé wọ́n fẹ́ kàwé. Ibẹ̀ ni Executive MBA ti ṣẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wá, tàbí kí wọ́n wá jókòó fún ọjọ́ mélòó kan ní ìgbà dé ìgbà. Ó máa ń gba bí ọdún méjì.

Ní agbègbè tiwa, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Pan-Atlantic báyìí. Ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ló wà, lápá Ajah. Yunifásítì Èkó ní Àkọkà ní tirẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní. NOUN, yunifásítì tí ènìyàn lè ti ilé rẹ̀ kà, ń fúnni ní MBA, ó sì ní ibùdó níbí ní Abẹ́òkúta. Owó wọn kò dọ́gba rárá. Èyí tó wọ́n nínú wọn ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà.

Mi ò bá Bọ̀ọ̀dá wí pé báńkì sú wọn. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé òṣìṣẹ́ báńkì mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í fọkàn ẹni balẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2004, Sólúdò tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà ní kí gbogbo báńkì gbé owó ìdókòwò wọn kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà lọ sí bílíọ̀nù 25. Nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25. Ẹ fojú inú wo iye òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ tún gbé òmíràn jáde: báńkì tó ní ìwé àṣẹ láti ṣòwò dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500 náírà kí oṣù kẹta ọdún 2026 tó parí. Bọ̀ọ̀dá ti rí ti àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń wá iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ èkejì, oorun dá lójú wọn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àbáyọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn nìyí. EMBA kì í sábà jẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn láti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àkàbà ni. Ó ń gbé ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan gòkè nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wo ẹnjiníà kan tó ti lo ọdún 15 ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Ó mọ ẹ̀rọ dáadáa. Wọ́n wá sọ ọ́ di máníjà, wọ́n kó ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ àti owó ńlá sí i lọ́wọ́. Kò kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ìṣirò owó, kò kọ́ bí a ṣe ń darí ènìyàn. Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ní àwọn máa san owó EMBA fún un, tàbí kí wọ́n san ìdajì, kí ó sáré lọ ni o. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, yóò rí ibi tó máa lo ohun tó kọ́ ní Sátidé.

Ti Bọ̀ọ̀dá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí EMBA fẹ́ kọ́ wọn nípa owó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni báńkì ti kọ́ wọn. Wọ́n mọ bí a ṣe ń yáni lówó, wọ́n mọ bí a ṣe ń mọ oníṣòwò tí kò ní lè san gbèsè. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni aṣọ. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti àdìrẹ oníkò. Wọn kò mọ iye tí aró àti ọdà ń gbà, wọn kò mọ ìdí tí aṣọ kan fi máa ń ṣí tí òmíràn kì í ṣí. Wọn kò mọ bí àwọn aláró ṣe ń bá ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ nílẹ̀ Ṣáínà jà. Kò sí olùkọ́ kan ní Ajah tó máa kọ́ wọn ní ìyẹn. Ìtòkú ni ilé-ìwé rẹ̀ wà, kò sì ju ìrìn àìpẹ́ lọ sí ilé Màmá àgbà.

Mi ò sọ pé ìkọ́ni inú EMBA kò dára o. Lagos Business School àti irú wọn máa ń gbé ìtàn ilé iṣẹ́ kan síwájú kíláàsì: ìṣòro báyìí dé bá ọ̀gá báyìí, ẹ̀yin ì bá ti ṣe é? Wọn a jiyàn rẹ̀ títí. Àwa tí a ń ka lítíréṣọ̀ alohùn mọ irú ìkọ́ni yìí. Ẹsẹ Ifá kì í ṣe ohun tó jìnnà sí i: ẹnìkan kó sí wàhálà, ó lọ bi àwọn awo léèrè, wọ́n sọ ohun tí yóò ṣe, ó ṣe é tàbí kò ṣe é, a sì rí àbájáde rẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ awo máa ń mú ọ̀rọ̀ kan lọ́kàn lọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń bá a jà, ìtàn ẹlòmíràn kàn máa dùn mọ́ ọn ni.

Àwọn tó ti kà á máa ń sọ fún wa pé ohun tó dára jù nínú EMBA kì í ṣe ìwé, pé àwọn ènìyàn tí a jọ jókòó ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ Lísàbí ni wá. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé àáró ni Lísàbí fi bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni. Ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ẹgbẹ́ àáró yẹn ló di ẹgbẹ́ Olórogun, òun ni wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn Ìlàrí Aláàfin. Nítorí náà kò sí ẹni tó máa kọ́ ọmọ Ẹ̀gbá ní iyì ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n àáró Lísàbí ṣiṣẹ́ torí pé àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, oko ni gbogbo wọn ní. Ẹni tó fẹ́ san mílíọ̀nù torí àwọn ojúgbà inú kíláàsì, kí ó bèèrè ìbéèrè kan: àwọn wo ló máa jókòó tì mí? Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀gá báńkì àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ epo, ó dára fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe báńkì lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣòwò aṣọ, àáró tirẹ̀ wà láàárín àwọn aláró, àwọn tó ń gé páànù tí wọ́n fi ń ya àrà sára aṣọ, àti àwọn tó ń kó ẹrù gba ibodè.

A tún gbọ́dọ̀ ka ohun mìíràn mọ́ owó. Láti Abẹ́òkúta dé Ajah lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó. Ẹni tó mọ ọ̀nà Sàngó mọ ohun tí mò ń wí. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń dúró níbí láti 2021, ó sì ti mú ọ̀nà rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ibùdó tó wà ní Alágòmèjì ló parí sí, kò dé Ajah. Ọdún méjì òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ nínú ọjọ́ ayé àwọn ọmọ wọn. Àbúrò mi tó kéré jù, ọmọ Bọ̀ọ̀dá, ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹnìkejì pẹ̀lú. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí ènìyàn bá ti pẹ́ jù lójú kan, ọpọlọ rẹ̀ máa ń dípẹtà. Kì í ṣe gbogbo ìwé la fi ń wá owó." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi tí mò ń ka Yorùbá ni mo yẹ kí n kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ wo Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, ní Abẹ́òkúta wa níbí. Nígbà tí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní 1979, oko ni wọ́n lọ dá ní Ọ̀tà, wọn kò kọ́kọ́ lọ gba oyè ìmọ̀ òwò kankan. Nígbà tí wọ́n wá darúgbó, wọ́n wọ NOUN, wọ́n ka ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Kírísítì, wọ́n sì gba oyè PhD níbẹ̀ ní 2018 nígbà tí wọ́n ti pé ẹni 80 ọdún. Ọjọ́ orí kò dí ìwé kíkà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: iṣẹ́ dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ìwé sì dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé kí ọpọlọ rẹ̀ má dípẹtà, kí ó kà á. Kí ó má wá ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní nítorí rẹ̀, kí ó sì máa pè é ní owó òwò.

Àwọn kan á ní láìsí ìwé ẹ̀rí, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Òótọ́ ni, lápá kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn lè nílò másítà kí ó tó gòkè. Ẹni tó ní HND lè rí i pé yóò kọ́kọ́ gba PGD kí ilé-ìwé kan tó gbà á. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìwé ẹ̀rí nìkan yìí náà ló ń kó ọ̀pọ̀ sí kòtò. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Umar Audu tẹ ìròyìn jáde nípa bí òun ṣe gba oyè dìgírì láti Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn tó kàwé níbẹ̀ tọkàntọkàn náà jìyà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa ló bá Benin pààlà. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ má sanwó fún ilé-ìwé kankan tí ẹ kò tíì wádìí lọ́dọ̀ àjọ NUC bóyá ó ní àṣẹ láti fúnni ní oyè náà.

Bí ẹ bá ní òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó ń ronú EMBA, ẹ bá mi bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èkíní: iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ẹ sì ti fi ọwọ́ yín kàn án rí? Èkejì: ta ló ń sanwó, bí owó náà bá sì ṣègbé, ta ni ebi máa pa? Ẹ̀kẹta: ṣé kò sí ohun tó kéré jù ú lọ tó lè kọ́ yín ní ohun tí ẹ nílò? Yunifásítì Pan-Atlantic kan náà ní ibùdó kan, Enterprise Development Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 torí àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í gba ọdún méjì. Bí wọ́n bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìdáhùn náà sì dúró ṣinṣin, ẹ bá wọn di ẹrù.

Màmá àgbà ló parí ìpàdé ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti ta ata ní Kútọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní, "Èmi ò mọ EMBA. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò, iye ẹni tó fẹ́ bọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kà." Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Bọ̀ọ̀dá kò tíì ta ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ aláró kan ní Ìtòkú. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ aláwọ̀ aró, gbogbo wa sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn kò mọ̀ pé awìn ni ọ̀pọ̀ aláró fi ń tajà, pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ti lè fi ìmọ̀ báńkì ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ṣì lè lọ ka EMBA lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá lọ nígbà náà, wọ́n á ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bi olùkọ́.

Ní ti ọkọ àǹtí mi, mo ti ní ìdáhùn díẹ̀ fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń bèèrè orúkọ àrà tó wà lára aṣọ méjì àti ìtumọ̀ wọn. Ọ̀kan jẹ́ Ìbàdàn Dùn, èkejì jẹ́ Olókun. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì ohùn, pé àwọn máa san owó rẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Mi ò tíì rí owó náà o.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Ṣé mo ti ṣàṣejù sí àwọn àgbà ni? Ẹ kọ èrò yín sí ìsàlẹ̀. Kí Elédùmarè fi ọ̀nà mọ àwọn òbí wa, àti àwa náà. Àṣẹ.